Mẹ́rìnlá Láti Ẹ̀pẹ́

Ní ọjọ́ Ajé tí Oríyọmí lọ gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní láàbù kan ní Benson, ní Ìkòròdú, ìṣẹ́jú méjìlá péré ló ní. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ máa ń kọjá ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí bọ́ọ̀sì bá fi sílẹ̀ yóò gun ọ̀kadà, yóò sì pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́. Oríyọmí kò pẹ́ rí láti ọdún mẹ́fà tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Oṣù keje ọdún 2007 ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó sì ń yẹ ọjà wò ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan nínú ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkòròdú. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ẹbí Adéòjó, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́, ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé bàbá rẹ̀ ní Èjìnrìn. Òun àti Adéòjó ti jọ fẹnu kò pé kí oníkálukú ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé han ara wọn kí Sátidé tó pé. Adéòjó, tó jẹ́ olùkọ́ ní Ẹ̀pẹ́, ti ṣe tirẹ̀: éèdì, àrùn mẹ́dọ̀wú àti jẹ́nótáìpù. Gbogbo rẹ̀ dára. Oríyọmí kò fẹ́ àbọ̀ iṣẹ́ ní tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n wo gbogbo ohun tó wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri láàbù, títí kan hẹ́pìsì. Ohun tó mọ̀ nípa hẹ́pìsì kò ju pé ó máa ń yọ egbò síni lójú ara.

Agnes ló ni láàbù náà. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ yìí fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó ń kánjú tó lè kó o láyà jẹ.

“Gbogbo rẹ̀ dára, ọmọ mi,” ló wí. “Ọ̀kan ló kù díẹ̀ káàtó.”

“Èwo ni, mà?”

“Hẹ́pìsì. Wò ó níbí. Bí ó bá kéré sí 0.9, kò sí. Bí ó bá ju 1.1 lọ, ó wà. Tìrẹ jẹ́ 1.0. Kò dájú.”

“Kò dájú báwo, mà? Ṣé ó wà ni, àbí kò sí?”

“Jókòó, kí n ṣàlàyé fún ọ. Jẹ́ kí n gba ẹ̀jẹ̀ bàbá yìí ná.”

Bàbá kan ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń wo abẹ́rẹ́ bí ẹni tó fẹ́ bá a jà. Agnes wá iṣan rẹ̀ títí, kò rí i. Oríyọmí wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ti lọ lórí iṣan bàbá náà nìkan.

“Mà, ẹ ṣáà sọ ọ́ fún mi ní gbólóhùn kan.”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbólóhùn kan. Jókòó.”

“Bọ́ọ̀sì mi ń—”

“Bọ́ọ̀sì kọ́ ló ni ẹ̀jẹ̀ náà. Ó dáa, máa lọ. Padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a ó tún un ṣe.”

Oṣù mẹ́ta! Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù kí àlejò dé. Oríyọmí pa ìwé náà pọ̀, ó dúpẹ́, ó sì sáré jáde. Ó bá bọ́ọ̀sì rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wọn ọṣẹ. Ọṣẹ tó bá fúyẹ́ jù, wọ́n á dà á padà sínú ìkòkò, wọ́n á tún un yọ́. Èyí tó bá péye á wọ inú páálí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá bọ́ sí àárín, tí kò ṣeé dá láre, tí kò sì ṣeé dá lẹ́bi, òfin wà fún un: mú mẹ́ta, wọ̀n wọ́n, rò wọ́n pọ̀, fi mẹ́ta pín in. Ohun tó bá jáde ni ìdájọ́. Òfin yìí ti gba Oríyọmí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, kò sì rí ọjọ́ tó já a kulẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wọn ọṣẹ mọ́kànlá lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé kò rántí iye tó rí. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀gá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

“Oríyọmí, ṣé ibà ni?”

“Kì í ṣe ibà, sà.”

“Ẹ fi í sílẹ̀, ọ̀gá,” ni obìnrin tó ń di páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wí. “Ọkọ ló ń wọ̀n. Ọkùnrin yẹn kò ní gbádùn o! Bó bá fúyẹ́ pẹ́nrẹ́n, ìkòkò ló ń padà sí.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Oríyọmí kò rẹ́rìn-ín. Ó ń rò ó bóyá òun ní àrùn náà, àbí òun kò ní i, àti ohun tí òun yóò kà sí Adéòjó létí kí Sátidé tó dé. Kí iṣẹ́ tó parí, ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Yóò ṣe é ní ilé àyẹ̀wò mẹ́ta, yóò rò ó pọ̀, yóò pín in.

Ní Ọjọ́rú, ó lọ sí láàbù kejì, lọ́nà Ṣágámù. Wọ́n fún un ní 0.6. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò sí. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ó dúró lábẹ́ pátákó láàbù náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, àyà rẹ̀ kò sì rọlẹ̀. Bí òun bá gba èyí gbọ́, kí ló dé tí òun kò gba ti àkọ́kọ́ gbọ́? Ẹni tó bá mú ìwé tó dùn mọ́ ọn, tó ju èyí tó kù nù, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Bó ti ń rìn ni ó ń ka àwọn ọkùnrin tó ti bá a sùn rí, kò sì pẹ́ tó fi kà wọ́n tán. Ọkùnrin kan wà ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, tó ti lọ sí Àbújá. Adéòjó sì wà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí òjò há wọn mọ́ yàrá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Bí òun bá ní i, òun ni òun gbé e lọ bá a. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó lè jẹun, kò sì jẹ́ kó lè jókòó sójú kan. Ó fọ aṣọ tó mọ́. Ó gbá ilẹ̀ tó ti gbá.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gba ààyè níbi iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó wá láàbù kan nítòsí ọjà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá gba èsì lọ́sàn-án. Nígbà tó padà dé, ọ̀dọ́kùnrin tó wà níbẹ̀, Tìrìmísíyù, ya ìdá mẹ́rin ìwé kan, ó fi bírò kọ orúkọ àrùn náà sí i, ó sì kọ 14 sí iwájú rẹ̀.

“Mẹ́rìnlá kí ni?” Oríyọmí bi í.

“Mẹ́rìnlá náà ni, sístà.”

“Ṣé ó wà ni?”

“Dókítà yín ló máa túmọ̀ rẹ̀. Èmi kàn ń ka ohun tí ẹ̀rọ sọ ni.”

“Ìwọ kò mọ ohun tí ẹ̀rọ rẹ sọ?”

“Sístà, ẹ̀yin nìkan kọ́ ni mo ń dá lóhùn o. Ẹ wo èrò lẹ́yìn yín.”

Ó lọ jókòó sórí òkúta kan létí ọ̀sà, níbi tí àwọn apẹja ń já ẹja sílẹ̀. Ó yọ bírò jáde. 1.0, 0.6, 14. Ó rò ó pọ̀, ó jẹ́ 15.6. Ó fi mẹ́ta pín in, ó jẹ́ 5.2. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, kò yí padà. Ohun tó ju 1.1 lọ, ó wà. Agnes ló sọ bẹ́ẹ̀. 5.2 kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń wò ó bóyá.

Ó dìde. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nílé ìwé nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, Adéòjó sì ń bọ̀ láàárín àwọn ọmọ, ẹfun ṣọ́ọ̀kì ní apá aṣọ rẹ̀.

“Ọ̀gá Ìwọ̀n!” ló kígbe. “Ìwọ náà ni lọ́jọ́ iṣẹ́? Ṣé wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa ni?”

Oríyọmí fà á sí abẹ́ igi, ó sì kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e lọ́wọ́.

“Mo ní hẹ́pìsì,” ló wí.

Adéòjó wo ìwé àkọ́kọ́. Ó wo ìkejì. Ó yí ìdá mẹ́rin ìwé ti Ẹ̀pẹ́ síwá-sẹ́yìn, bóyá yóò rí nǹkan mìíràn lára rẹ̀.

“Ta ló sọ pé o ní i?”

“Ìṣirò.”

“Ìṣirò wo? Ọ̀kan ní kò dájú. Ọ̀kan ní kò sí. Ọ̀kan kò sọ nǹkan kan rárá.”

“Mo rò wọ́n pọ̀, mo sì pín in.”

“O pín ẹ̀jẹ̀ ara rẹ?”

“Má fi mí ṣe ẹlẹ́yà, Adéòjó. Bí o kò bá ṣe mọ́, sọ ọ́ báyìí, kí n tètè sọ fún bàbá mi, kí àwọn ènìyàn yín má wulẹ̀ wọkọ̀ lásán.”

Oríyọmí rò pé yóò bínú. Ó rò pé yóò bi òun léèrè ọkùnrin Àbújá. Adéòjó kò ṣe èyíkéyìí. Ó ń gbọn ẹfun kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì ń gbọn ọ́n lọ lẹ́yìn tí kò sí ẹfun kankan níbẹ̀ mọ́.

“Ṣé o rí egbò rí?” ló wá bi í. “Lójú ara?”

“Rárá.”

“Kò ta ọ́? Kò yún ọ?”

“Mo ní rárá.”

“Obìnrin àkọ́kọ́ yẹn, tó kọ 1.0. Kí ló sọ?”

“Ó ní kí n jókòó kí òun ṣàlàyé.”

“O sì jókòó?”

Oríyọmí gba ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Jẹ́ ká lọ bá a,” Adéòjó wí. “Nísinsìnyí.”

Wọ́n gba Ìtóìkín lọ sí Ìkòròdú. Agnes máa ń ti ìlẹ̀kùn ní aago márùn-ún, ọkọ̀ náà sì ń dúró ní gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni bá ti na ọwọ́. Oríyọmí wo aago rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ sórí itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi bi í bóyá ọmọ ló fi sílé. Adéòjó kọjú sí fèrèsé. Lẹ́ẹ̀mejì ló ya ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀mejì ló sì pa á dé.

Agnes ń kó kọ́kọ́rọ́ jáde nígbà tí wọ́n wọlé. Ó wo Oríyọmí láti òkè dé ilẹ̀.

“Oṣù mẹ́ta ti pé lọ́jọ́ mẹ́ta?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà.” Oríyọmí tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, ó sì ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀.

Agnes gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ló bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Ìwọ tó ń wọn ọṣẹ, bí wọ́n bá fún ọ ní gíráàmù ọṣẹ méjì àti lítà epo kan, ṣé wàá rò wọ́n pọ̀?”

“Rárá, mà.”

“Kí wá ni o ṣe yìí?”

Kò dúró de èsì. Ó wo òǹtẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé kékeré náà, ó mú fóònù, ó pe nọ́ńbà láàbù Ẹ̀pẹ́. Tìrìmísíyù ló gbé e.

“Ìwọ ni o fún ọmọbìnrin kan ní mẹ́rìnlá lónìí? . . . Mo mọ̀ pé mẹ́rìnlá ni. Mélòó ni ẹ̀rọ tìrẹ fi ń sọ pé ‘ó wà’? . . . Lọ wò ó lára páálí rẹ̀, mo ń dúró.” Ó tẹ fóònù mọ́ etí, ó ń fi ìka lu tábìlì. “Tó bá kéré sí mẹ́rìndínlógún, kò sí. Ó dáa. Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ síbẹ̀? . . . Kò sáyè? Ààyè wà láti gba ẹ̀jẹ̀, kò sáyè láti kọ ìlà kan! Ènìyàn fẹ́ fi ìwé rẹ tú ìgbéyàwó ká, o ń sọ pé kò sáyè. Lọ jókòó!”

Ó gbé fóònù sílẹ̀.

“Ẹ̀rọ mẹ́ta, òṣùwọ̀n mẹ́ta. Mẹ́rìnlá tiwọn kò sí ni. 0.6 kò sí ni. 1.0 tèmi kò dájú ni. Ìyẹn nìkan ni àwọn ìwé yìí sọ.”

Oríyọmí mí kanlẹ̀. “Nítorí náà n kò ní i, mà?”

“Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀? Jókòó!”

Ó jókòó.

“Ẹ̀rọ wa kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀,” Agnes wí. “Ohun tí ara ń ṣe láti fi bá a jà ló ń wá. Bí kòkòrò bá wọlé lónìí, ara kì í ṣe tirẹ̀ tán lọ́la. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó pọ̀ débi tí ẹ̀rọ yóò rí i. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ máa ń rí ohun tí kò sí. Èyí tó máa ń yọ sí ènìyàn létè, ìbátan rẹ̀ ni, ó lè ta ẹ̀rọ lólobó èké. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní oṣù mẹ́ta. Ìgbà wo ni o sún mọ́ ọkùnrin kẹ́yìn?”

Oríyọmí wo ilẹ̀. “Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mà.”

“Òun yìí?”

“Òun ni.”

“Ṣáájú ìyẹn?”

“Ọdún márùn-ún.”

“Bó bá jẹ́ ti ọdún márùn-ún ni, ẹ̀jẹ̀ ìbá ti pariwo rẹ̀. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ti rí egbò tàbí ìléròrò lójú ara rí?”

“N kò rí i rí, mà,” Oríyọmí wí lójú ẹsẹ̀.

Agnes kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Adéòjó ni ó ń wò. Fáànù ń yí lókè. Obìnrin kan ń polówó ẹ̀pà níta títí ó fi kọjá lọ.

“Èmi,” Adéòjó wí.

“Ìgbà mélòó?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta, mà. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni àkọ́kọ́. Oníkẹ́míìsì ní ooru ara ni, ó fún mi ní kápúsù. Ó lọ. Nígbà tó padà wá, mo tún lo kápúsù, ó tún lọ.”

“Kápúsù kọ́ ló lé e. Fúnra rẹ̀ ló ń lọ. Ìgbà wo ni ìkẹta?”

“Oṣù kẹrin ọdún yìí.”

Agnes na ọwọ́ sí àpótí abẹ́rẹ́. “N kò sọ pé hẹ́pìsì ni. Oríṣiríṣi egbò ló wà láyé. N ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ báyìí, wá gba èsì ní ọjọ́ Ajé. Bí ó bá tún yọ, má dé kẹ́míìsì. Wá bá mi lọ́jọ́ náà, kí n fi òwú gba omi ojú egbò náà. Bó bá sì jẹ́ òun ni, kì í pani. Kì í lọ tán, ṣùgbọ́n oògùn wà tó ń mú un rọlẹ̀. Àwọn tó ní i ń gbéyàwó, wọ́n ń bímọ. Kí aboyún ṣáà sọ ọ́ fún agbẹ̀bí rẹ̀. Ìwọ, Oríyọmí, padà wá ní oṣù kẹwàá. Kí ó tó dìgbà náà, má ṣe àyẹ̀wò kankan mọ́, ìfiṣòfò ni. Kí ẹ sì máa lo rọ́bà, bí ẹ kò bá lè mú sùúrù.”

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ àgbàlá náà, tó ń pariwo tó fi jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè gbọ́ wọn.

“Bí n kò bá gbé ìwé mi wá bá ọ lónìí,” Oríyọmí bi í, “ṣé wàá sọ fún mi?”

Ó rí i tó ń wá èsì tó dára. Ó rí i tó fi í sílẹ̀.

“Rárá,” Adéòjó wí. “Mo rò pé ó ti tán. Ojú sì ń tì mí.”

“Mo ti lọ káàkiri láti ọjọ́ Ajé. Mo ń dá ara mi lẹ́bi láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Nínú ọkọ̀ tá a bá dé ìhín, o jókòó tì mí, o mọ̀, o sì dákẹ́.”

“Mo mọ̀ pé n kò ṣe dáadáa.”

“Ní Sátidé, wọ́n á béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó. N kò ní dá ọjọ́ kankan kí oṣù kẹwàá tó kọjá. Ìwọ ni wàá sọ ọ́. Bí èmi bá sọ ọ́, bàbá mi yóò ní mo ti rí ọkùnrin mìíràn.”

“Kí ni kí n sọ fún wọn?”

“Ohun tó bá wù ọ́. Kó má ṣáà jẹ́ irọ́.”

Adéòjó kò sọ pé òun yóò ṣe é. Kò sì sọ pé òun kò ní ṣe é. Ó lọ wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ tó ń lọ kẹ́yìn.

Òjò rọ̀ ní Èjìnrìn láàárọ̀ Sátidé, ó sì dá kí àlejò tó dé. Bísíríyù, bàbá Oríyọmí, ti tẹ́ ẹní sí gbọ̀ngàn. Fábíyìí, àbúrò bàbá Adéòjó, ló ṣáájú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní wọ́n ti jí láti aago mẹ́rin, àti pé bí ìyàwó kò bá rẹwà tó ìrìn náà, òun yóò gbé e padà fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ilé ní kí ó wò ó dáadáa, kò sí èyí tí yóò padà níbẹ̀. Oríyọmí kúnlẹ̀ gbé omi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Adéòjó, ó gba ife náà láìgbé ojú sókè.

Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n dárúkọ ara wọn. Bísíríyù wá tún fìlà rẹ̀ ṣe.

“Ó kù ká mú ọjọ́. Oṣù kejìlá ni èmi ń wò, nígbà tí ọ̀nà bá ti gbẹ.”

“Oṣù kejìlá dára púpọ̀,” Fábíyìí wí. “Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló ní bírò?”

Wọ́n wá bírò. Adéòjó ń wo ife omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oríyọmí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àwo ife lọ́wọ́ rẹ̀. Bírò dé. Fábíyìí gbé ìwé lé orúnkún.

Adéòjó dojú bolẹ̀ lórí ẹní.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun, ẹ má tíì kọ ọ́.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ jẹ́ kí oṣù kẹwàá kọjá ká tó dá ọjọ́.”

“Ìwọ ọmọ yìí!” Fábíyìí wí. “Òru la fi rin ọ̀nà nítorí rẹ o! Kí ló ń lé ọ sẹ́yìn?”

“Ara mi ni. Mo ń ṣe àyẹ̀wò.”

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. “Ara kẹ̀?” ni ọ̀kan wí, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣé irú èyí lè ṣe ọkọ báyìí?” Ẹ̀rín bú láàárín wọn. Etí Adéòjó pọ́n, kò sì gbé orí sókè.

Bísíríyù na ọwọ́, ẹ̀rín dá.

“Ṣé ohun tó lè pa ọmọ mi ni?”

“Kì í pani, sà. Ṣùgbọ́n ó ń ranni. A kò tíì mọ̀ bóyá ó wà lára mi, a kò sì tíì mọ̀ bóyá ó ti dé ara tirẹ̀. Nínú oṣù kẹwàá la ó tó mọ̀.”

Fábíyìí pa ìwé dé. Bísíríyù yíjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

“Oríyọmí, ìwọ mọ̀?”

“Mo mọ̀, sà.”

“O sì ń gbé omi fún wọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Bàbá wò ó pẹ́. Ó wo ọkùnrin tó dojú bolẹ̀, kò sì ní kó dìde. Oríyọmí gbé àwo náà sílẹ̀, ó kọjá láàárín àwọn àgbà, ó sì lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.